Ọjọ́ Tí Ọlọ́kadà Tó Gbá Ẹ̀gbọ́n Mi Pa Wá Sílé Wa

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé ìsìnkú ẹ̀gbọ́n mi, Fọlákẹ́, ní Ìpáò-Èkìtì. A ń múra ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ nígbà tí ọlọ́kadà tó gbá a pa wọlé, tó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá mi fa àdá yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Màmá mi dúró sáàárín wọn. Ó ní, “Bàbá Fọlákẹ́, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà ná.”

“Àdúrà wo?”

“Ọmọ wa wà lọ́wọ́ Jésù. Ẹ má jẹ́ ká pa ọmọ ẹlòmíràn.”

Nígbà tó yá, bàbá mi ju àdá sílẹ̀, ó sì bú sẹ́kún fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí Fọlákẹ́ ti kú. Màmá mi dì í lọ́wọ́ mú, a sì jọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọlọ́kadà náà tẹ̀lé wa.