Ẹnu Mi Ni Wọ́n Fi Kọ́ Àwọn Pásítọ̀ Tuntun

Gbogbo Fìdítì ló mọ̀ pé ẹnu mi mú. Tíṣà ni mí, mo sì ti fi ẹnu náà tún ọmọ ọlọ́mọ ṣe lọ́pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé ó wúlò fún iṣẹ́ Olúwa, àfi ìgbà tí pásítọ̀ àgbà ìjọ wa pè mí lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ kan, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bá mi wí ni. Wọ́n ní, “Tíṣà, iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ kí o bá mi ṣe. Mo fẹ́ kí o máa bá mi bú àwọn pásítọ̀.”

Mo bú sẹ́rìn-ín. Baba ò rẹ́rìn-ín.

Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń jáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ mọ Bíbélì bí ẹni mowó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún wọn bí ọkàn èèyàn ṣe ń gbọgbẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Wọ́n á rán wọn lọ sí ìjọ kékeré kan, díákónì á sọ̀rọ̀ sí wọn lójú ọmọ wọn, opó á wá sunkún bá wọn, kí ọdún tó yí po, wọ́n á ti dẹrù. Baba wá ní kí àwọn tí wọ́n rán sí àyíká wa máa wá sí gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sátidé kan lóṣooṣù. Èmi ni màá máa ṣe ìjọ fún wọn.

Kí n má purọ́, mo gbádùn ẹ̀. Mo ṣe díákónì tí nǹkan kì í tẹ́ lọ́rùn: “Pásítọ̀, ìwàásù yín gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀, ebi sì ń pa wá nínú ẹ̀.” Mo ṣe olórí akọrin tó ń bínú pé wọn ò kí òun. Mo ṣe màmá àgbà tó ń wo ìyàwó pásítọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, tó ń béèrè ìgbà tí a máa wá jẹ ìrẹsì ìkómọ. Bí ẹnì kan bá fèsì padà, Baba á ní, “O ti pàdánù ọmọ ìjọ yẹn. Tún un bẹ̀rẹ̀.” Ọ̀kan sunkún lójú gbogbo wa. Baba ní onítọ̀hún ló máa pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ sú mi. Akínmọ̀rìn ni wọ́n rán an sí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí o bá sọ, ẹsẹ Bíbélì ló máa fi dá ọ lóhùn. Bí o bá ní inú ń run ọ́, ó ti ń ṣí ìwé. Àwọn ará Akínmọ̀rìn ò gba tiẹ̀ rárá. Ó sọ fún Baba níṣojú mi pé bí nǹkan ò bá yí padà, òun á fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Baba kọjú sí mi, wọ́n ní, “Ṣe ìyá tí ọmọ ẹ̀ kú fún un.”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ká ìborùn mọ́ra. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹsẹ Bíbélì kan sí mi létí. Eré tán lójú mi. Mo ti sin ọmọ rí. Obìnrin ni, ibà ló pa á, kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Ẹsẹ tí pásítọ̀ ìgbà náà kà sí mi létí nìyẹn gan-an, mo sì kórìíra ẹsẹ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo gba Bíbélì lọ́wọ́ ẹ̀, mo pa á dé. “Ṣé mo ní mi ò mọ̀wé kà ni? Ọmọ mi ló kú! Ọmọ tí mo pọ̀n lánàá!”

Ẹkún gbé mi. Ọmọkùnrin náà ń wò mí. Ó kúrò lórí àga, ó jókòó tì mí nílẹ̀, kò sì béèrè Bíbélì ẹ̀. Nígbà tí mo nu ojú tán, Baba ní kí a lọ jẹun.

Kò pẹ́ púpọ̀ sígbà náà la gbọ́ pé ìyàwó àgbẹ̀ kan kú sórí ìkúnlẹ̀ ní Akínmọ̀rìn. Ọkọ ẹ̀ ló ń ta ko pásítọ̀ yìí jù nínú ìjọ. Wọ́n ní nígbà tí pásítọ̀ kọ́kọ́ dé ilé ọ̀fọ̀ náà, ọkùnrin náà lé e jáde. Mo ní ó parí, ọmọ yìí máa dẹrù. Mo gun ọ̀kadà lọ kí ọlọ́fọ̀, ọ̀rọ̀ pásítọ̀ náà sì ń bà mí lẹ́rù ní gbogbo ọ̀nà.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá wọn. Ẹ̀gẹ́ tí ìyàwó wú sílẹ̀ láti fi ṣe gàrí ti ń bàjẹ́, ọkùnrin náà sì ń bẹ ẹ́. Pásítọ̀ ti padà wá, ó jókòó tì í, òun náà ń bẹ, ó ń gé ara ẹ̀gẹ́ mọ́ èèpo. Èébú ń rọ̀ lé e lórí. “Ẹ̀yin lẹ ní yóò bí wẹ́rẹ́! Wẹ́rẹ́ ọ̀hún dà, Pásítọ̀?” Èmi pẹ̀lú gbogbo ẹnu mi, mi ò lè bú èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Mo ń retí ẹsẹ Bíbélì. Pásítọ̀ ní, “Ó dùn mí, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.” Ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn.

Nígbà tó yá, ọkùnrin náà ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó gbé orí lé èjìká pásítọ̀, ó ké. Pásítọ̀ náà ké. Èmi tí mo wá kí ọlọ́fọ̀, mo ti jókòó sórí èèpo ẹ̀gẹ́, mò ń sunkún tèmi.

Lẹ́yìn tí ẹkún rọlẹ̀, pásítọ̀ dìde, ó ní kí òun máa lọ, kí ẹbí lè ráyè. Ọkùnrin náà di ẹ̀wù ẹ̀ mú. “Ibo lẹ ń lọ? Ẹ má lọ, Pásítọ̀. Ẹ má fi mí sílẹ̀.”

Ó jókòó padà. Ojú wa ṣe mẹ́rin, mo sì mọ̀ pé kò ní kúrò ní Akínmọ̀rìn mọ́.

Lórí ọ̀kadà tó ń gbé mi padà, ayọ̀ mi lórí ọmọ yìí ò ṣeé pa mọ́ra. Mo dá orin ìṣẹ́gun sílẹ̀. Ọlọ́kadà náà mọ̀ mí dáadáa, èmi ni mo kọ́ ọmọ ẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn. “Tíṣà, ṣé wọ́n ṣègbéyàwó ní Akínmọ̀rìn ni?”

“Rárá o. Ọlọ́fọ̀ ni mo lọ kí.”

Ó tún bojú wẹ̀yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà wá sígbó. “Ọlọ́fọ̀, ẹ wá ń kọrin?”

Mo ní kó kọjú síbi tó ń lọ. Mo gbé ohùn sókè sí i.