Máákà Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Ṣe

Bí ẹ bá rí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ìkọkúkọ kún bò ó láti ọrùn dé ìdí, ẹ mọ̀ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò ìkẹyìn ni. Sáìn-áòtù là ń pè é. Gbogbo kíláàsì á mú máákà dání, wọ́n á máa kọ àdúrà àti àpárá sí ara wọn láṣọ, láyà, lápá, lẹ́yìn. Ti àyà, o lè kà á fúnra rẹ. Ti ẹ̀yìn, àfi kí o gbẹ́kẹ̀ lé ọmọ aráyé. Èmi kì í gbẹ́kẹ̀ lé wọn mọ́.

Ẹ̀sà-Òkè ni mo ti kàwé, ṣùgbọ́n ọmọ Òṣogbo ni mí. Ààfáà ni bàbá mi, aláró sì ni ìyá tó bí i. Láti kékeré ni mo ti mọ bí àwọ̀ ṣe ń mú aṣọ. Nígbà tí mo wá rí i pé máákà tí wọ́n ń rà ní ṣọ́ọ̀bù kì í pẹ́ gbẹ, pé ohun tí wọ́n bá sì fi kọ máa ń ṣí tó bá ti fojú kan ọṣẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tèmi. Màá ṣa àwọn máákà tó ti gbẹ nílẹ̀ kíláàsì, màá fi ọ̀bẹ ṣí ìdí wọn, màá fa òwú inú wọn jáde, màá fi sípíríìtì fọ̀ ọ́, màá sá a. Àwọ̀ ìyẹ̀fun tí ìyá àgbà fi ń pa aṣọ láró ni màá wá pò mọ́ sípíríìtì, màá kán fáníìṣì káfíńtà díẹ̀ sí i kó lè di aṣọ mú, màá sì máa rọ ọ́ sínú òwú náà díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ mi kì í mọ́ nígbà náà, bí ọwọ́ ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá fi máákà mi kọ kì í ṣí.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi, ọmọ Iléṣà, tí ìyá rẹ̀ ń ta ìwé àti báírò nínú ìlú níbẹ̀. Òun náà ń ta máákà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, tuntun, nínú páálí, láti ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀. Máákà ilé ìdáná ló ń pe tèmi. Ó ń sọ káàkiri pé yóò jẹ aṣọ, yóò sì bó awọ. Àwọn èèyàn rà á wò, aṣọ wọn kò jẹ, awọ wọn kò bó, ni wọ́n bá fi tirẹ̀ sílẹ̀. Ọjà rẹ̀ kú pátápátá. Inú mi dùn sí i, kí n má purọ́.

Lọ́jọ́ sáìn-áòtù wa ti OND, ó wá bá mi, ó ní kí n ta ọ̀kan fún òun. Mo rò pé ìjà ti parí nìyẹn. Àwọ̀ kan wà tí mo ṣèèṣì pò, kò dúdú, kò sì jọ ewé, ó ń dán bí ọrùn ẹyẹlé tí oòrùn kàn. Máákà kan ṣoṣo ló tó. Òun ni mo tà fún un, nítorí mo fẹ́ kó rí ohun tí ọwọ́ mi lè ṣe. Ó dúpẹ́, ó ní kí n yí ẹ̀yìn kí òun ṣàdúrà fún mi. Mo yí ẹ̀yìn.

Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà wọ ọkọ̀ dé Iléṣà, mo sì wọ òmíràn dé Òṣogbo. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn mi ń rẹ́rìn-ín, mo rò pé wọ́n ń bá mi yọ̀ ni, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ń kọjá sínú ilé, ó ní kí n dúró, kí n má yíjú padà. Ó ka ohun tó wà lẹ́yìn mi sókè, ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tó bá ń kọ́ ọmọ kéú:

"Ìyàwó gbogbo wa."

Ó bi mí pé àwọn wo ni gbogbo wọn. Mo ní irọ́ ni. Mo fa ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì náà wá síwájú, mo rí àwọ̀ ọrùn ẹyẹlé. Mo ní mo mọ ẹni tó kọ ọ́, àwọ̀ yẹn ló tú u fó, èmi fúnra mi ni mo sì pò ó. Ó bi mí bóyá èmi ni mo ṣe yíǹkì náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí bóyá èmi ni mo tà á fún ọkùnrin ọ̀hún. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí, ó sì wọlé lọ ṣe àlùwàlá.

Ìyá àgbà gbìyànjú lórí ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ó lo ọṣẹ dúdú, ó lo ọsàn wẹ́wẹ́, ó lo kẹrosíìnì, ó lo bílíìṣì. Gbogbo àdúrà tí wọ́n fi máákà ṣọ́ọ̀bù kọ sí mi lára ló ṣí kúrò. Ohun tí wọ́n fi máákà mi kọ nìkan ló kù, ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ló sì wá hàn ketekete jù. Mo jókòó ti abọ́ ìfọṣọ, mo ń sunkún ìbínú. Ìyá àgbà ní láti ìgbà tí òun ti ń bá aṣọ ṣiṣẹ́, oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ni òun mọ̀ tó le jù báyìí lọ. Ó ní á kán sí èèyàn láṣọ bí omi lásán, tí o kò ní kà á sí, tó bá yá ni á tó dúdú, ọṣẹ kankan kò sì ní ràn án. Mo gbọ́ ọ, mo fi í pamọ́ sínú.

Láti ọjọ́ náà, bàbá mi kò jẹ oúnjẹ mi mọ́. Kò nà mí, kò bú mi. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, èmi ni mo máa ń se oúnjẹ rẹ̀ nígbà tí mo bá wà nílé, bó bá sì ṣe ń jẹ ẹ́ ni á máa bá mi tàkúrọ̀sọ. Ó wá di pé bí mo bá gbé àwo síwájú rẹ̀, á ní òun ti yó, á sì ní kí ìyá àgbà bu oúnjẹ wá fún òun láti inú ìkòkò tirẹ̀, arúgbó tó yẹ kó máa sinmi. Gbogbo ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni kí bàbá mi gbà pé irọ́ ni wọ́n kọ, kó tún fi ọwọ́ kan oúnjẹ mi. Mo sì ń tọrọ kí ọmọ Iléṣà náà jẹ ìyà tó dun egungun. N kò mọ èyí tí mo ń tọrọ jù nínú méjèèjì.

Mo padà sí Ẹ̀sà-Òkè fún HND, òun náà padà. Mo ń kí i, mo ń bá a ṣeré, ó sì ń dá mi lóhùn bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan rí. Wọ́n ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò lè gbàgbé. Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì wa. Mo ń gba oje wọn, mo ń dán an wò lórí àkísà funfun. Ó kọ́kọ́ ń dí òwú máákà. Mo bu omi là á, mo fi áńkáṣíìfù sẹ́ ẹ, ó sì ń ṣàn wẹ́rẹ́. Mo rí i pé ti àná kò dára, àfi èyí tí mo bá gbà lójú ẹsẹ̀. Kò sí sípíríìtì nínú rẹ̀, kò sí fáníìṣì, kò sí ohunkóhun tí mo rà.

Nígbà tí ọjọ́ sáìn-áòtù ti HND pé, máákà méjì ni mo mú dání. Ọ̀kan jẹ́ tuntun, ọwọ́ òun gan-an ni mo ti rà á. Èkejì ni tèmi. Mo ní kó yí ẹ̀yìn kí n ṣàdúrà fún un. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń wò wá, ó yí ẹ̀yìn. Mo fi tirẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà pé Ọlọ́run á gbé e ga. Mo wá fi tèmi kọ nǹkan mìíràn sísàlẹ̀. Oòrùn mú, òógùn ti rin aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò mọ omi kan yàtọ̀ sí èkejì. Ó bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí ni mo kọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àdúrà ni.

Kò pẹ́ tí mo délé tí ìyá rẹ̀ fi wá sí Òṣogbo, ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ó ní òun fi ọwọ́ ara òun fọ ṣẹ́ẹ̀tì náà, kí òun lè gbé e kọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù kí aráyé rí i pé ọmọ òun ti jáde ìwé. Ó sá a sórí okùn níta. Oníbàárà kan ló ka ẹ̀yìn rẹ̀ kí òun tó rí i. Ó tú u síwájú bàbá mi. Àdúrà mi ti ṣí lọ, ohun tó kù níbẹ̀ pọ́n dúdú bí ìpẹtà: "Èmi ni mo kọ ìkọkúkọ sẹ́yìn ọmọ ààfáà. Irọ́ ni."

Bàbá mi wò ó pẹ́. Ó gbójú sókè wò mí.

"Ọwọ́ rẹ nìyí."

Òun ló kọ́ mi ní ìwé kíkọ, kò lè ṣì í mọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo kọ ọ́. N kò fi nǹkan kan kún un. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó tún fẹ́ ṣe bó ṣe ṣe lọ́jọ́sí, kó mi orí, kó dìde. Obìnrin náà ló sọ̀rọ̀.

"Ọmọ yín ló kọ ọ́, Ààfáà, ṣùgbọ́n ọmọ tèmi ló ṣe é. Mo bi í, ó jẹ́wọ́."

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀. Ó ní ọjà òun tí mo gbà ló ń dun òun, kò sí ohun tí òun mọ̀ nípa mi tó jọ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ mí. Bàbá mi náà ní kí n dárí jì í nítorí Ọlọ́run. Mo ní n kò dárí jì í. Mo ní kí wọ́n ká ṣẹ́ẹ̀tì wọn, kí ìyá má sì wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú láti tún un fọ̀, nítorí kò ní ṣí. Ó dùn mọ́ mi nígbà tí mo ń sọ ọ́. Ó ṣì ń dùn mọ́ mi.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo wọ ilé ìdáná, mo gbé ẹ̀fọ́ kaná. Mo rò pé ara mi máa fúyẹ́, kò fúyẹ́. Ọ̀tá ló kọ ọ́, ohun tí ọ̀tá ń ṣe nìyẹn. Bàbá mi ló kà á, tó gbà á gbọ́, tó sì ń bá a lọ láti ọdún dé ọdún, tí èmi ń gbé àwo lọ tí mo ń gbé e bọ̀.

Bí bàbá mi ṣe kírun ìrọ̀lẹ́ tán, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Kò bẹ̀ mí. Ó wẹ ọwọ́ rẹ̀ nínú abọ́ tó wà níbẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, bu tèmi wá."

"Oúnjẹ ti tán, Bàbá."

Ìkòkò wà láàárín wa lórí iná, ó kún, ẹ̀fọ́ ń hó nínú rẹ̀. Ó wo ìkòkò, ó wò mí, ó ní kò burú, ó sì padà lọ jókòó. Mo bu tèmi, mo jẹ ẹ́ yó.