Jórinjórin Nínú Òrùka Pankẹ́rẹ́

Apá gígùn ni Ọlọ́run fi ta á lọ́rẹ. Jórinjórin ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀: géètì, irin ojú fèrèsé, ẹsẹ̀ tábìlì. Bí iná bá ti ń ta pàrà lẹ́nu irin, á na apá síwájú, á fa àyà sẹ́yìn, á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́. Ara ti gbà á bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá gbóná, jìnnà sí i.

Àṣà yẹn náà ló sọ kúnfú, ìjà ọwọ́ àwọn ará Ṣáínà, di ìṣòro fún un.

Tó bá ti pa iná iṣẹ́, yàrá kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń lẹ táyà tó máa ń lọ. Ibẹ̀ ni Ìyá Nọ́ọ̀sì, àgbà obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn, ti ń kọ́ òun àti àwọn mìíràn ní ìjà ìtòsí. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fò sókè bí tata. Èyí tí èémí àwọn tó ń jà ń fẹ́ lu ara wọn ni. Òrùka pankẹ́rẹ́ ni ohun èlò wọn: pankẹ́rẹ́ tí wọ́n tẹ̀ roboto, tó fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Ọwọ́ méjèèjì á wọnú rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, wọn á máa yí po, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ìgúnpá á lẹ̀ mọ́ ìhà. Òrùka kò gbọdọ̀ já bọ́. Kò sì gbọdọ̀ le tantan.

Ti Jórinjórin kì í rọ̀. Á ti ìgúnpá síta, pankẹ́rẹ́ á ké, á là.

"Ìwọ yìí," Ìyá á ní, "ṣé òrùka lo fẹ́ lò ni, àbí igi ìdáná lò ń ṣẹ́?"

Ó dùn ún. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ irin, ó jó o pọ̀. Òrùka irin! Ká wo èyí tó máa là. Kí oòrùn tó wọ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti wú bíi búrẹ́dì tó mu omi. Ìyàwó rẹ̀, onídìrí, ń fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ fún un, ẹ̀rín sì ń pa obìnrin náà lọ.

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó! Ẹ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ara yín lọ́wọ́, ẹ ò sì ṣẹ ìjọba."

"Máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ìyá fẹ́ lọ."

Ẹ̀rín dúró. Ìyá Nọ́ọ̀sì ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ìlú mìíràn. Bí kò bá rí ẹni tó lè máa kọ́ àwọn yòókù, onílé á sọ yàrá náà di ibi ìkẹ́rùsí. Jórinjórin sì fẹ́ yàrá yẹn bí ẹni fẹ́ ojú. Yàtọ̀ sí ilé, ibẹ̀ nìkan ni èèyàn ti ń fọwọ́ kàn án láìbi í pé géètì òun dà.

Ìyàwó rẹ̀ nu ọwọ́. Ó ki ọwọ́ ara rẹ̀ kan sínú òrùka pankẹ́rẹ́ tó kù, ó ní kí ọkọ ki tirẹ̀ kan náà bọ̀ ọ́.

"Tí mo bá ń dirun, ibo ni ìgúnpá mi máa ń wà?"

"Níhà."

"Orí oníbàárà ńkọ́?"

"Láyà rẹ, ní tòsí."

"Àbí kí n dúró sójú títì, kí n máa na apá wọlé dirun? Ẹ súnmọ́ mi jàre. Èmi kì í ṣe iná."

"Ta ló tàn ọ́ bẹ́ẹ̀?"

Ìyàwó gbá a léjìká. Ọkọ súnmọ́ ọn. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, láàárín àga pálọ̀, tẹ̀ríntẹ̀rín.

Lọ́jọ́ tí Ìyá pè é láti dán an wò, Ìyá so kọ́kọ́rọ́ yàrá mọ́ okùn, ó fi kọ́ ọrùn ara rẹ̀. Ó fi òrùka bọ ọwọ́ Jórinjórin méjèèjì.

"Gbà á lọ́rùn mi. Tí òrùka bá já bọ́, tàbí tó là, ọ̀rọ̀ parí."

Ó na apá. Ìyá gbá a dànù bí ẹni ń lé eṣinṣin. Ó tún nà án. Ìyá tún gbá a. Pankẹ́rẹ́ ké. Ẹ̀rù bà á. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń fà sẹ́yìn, bíi ti ọjọ́ gbogbo.

"O tún ń sá fún mi," Ìyá ní. "Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Ohùn yẹn. Ohùn ẹni tó ń lọ.

Ó dẹ ìgúnpá, ó jẹ́ kó wálé. Dípò ọwọ́, gbogbo ara ló gbé síwájú. Ìyá gbá, ọwọ́ Jórinjórin bá tirẹ̀ yí lọ, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kò bá a jà, kò sì kúrò lára rẹ̀. Ó tún sún sí i. Iwájú orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Ó ń gbọ́ òórùn ọṣẹ lára ìyá náà. Ìka rẹ̀ kan okùn, ó sì gbé e kọjá lórí orí funfun yẹn, jẹ́jẹ́, kó má ba ìdirun rẹ̀ jẹ́.

"Ó mà pẹ́ kí o tó dé o," Ìyá ní.

Omi ti gba ojú Jórinjórin, ọwọ́ ṣì há sínú òrùka. Ìyá fi etí aṣọ ara rẹ̀ nù ún fún un, kò fi pamọ́ pé tòun náà ń dà. Lẹ́yìn náà ó gbé àpò rẹ̀, ó jáde.

"Tilẹ̀kùn dáadáa. Olùkọ́ ló ń tì í."

Jórinjórin bọ́ òrùka lọ́wọ́, ó tì í, ó fà á wò, ó tún fà á wò. Ó wá sáré bá a lójú ọ̀nà, ó gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀.