Odò Kékeré Tí Àwọn Ọkùnrin Kò Kà Sí

Òórùn èéfín ni mo fi ń mọ̀ pé mo ti délé nígbà náà. Bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí ní Lalala, àdúgbò wa ní Gabon, tí mo yà sí ọ̀nà ilé wa, èéfín ẹja tí ìyàwó mi ń yan lẹ́yìnkùlé yóò ti wá pàdé mi. Ọmọ etí ọ̀sà ni. Ó mọ ẹja bí èmi ṣe mọ ìwé, òun ló sì ń yan ẹja fún ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà ládùúgbò wa. Èmi ní tèmi, ọ́fíìsì ni mo ń lọ ní àdúgbò Glass, níbi tí a ti ń ya máàpù. Bí mo bá dé, mo máa ń pààrọ̀ aṣọ kí n tó lọ kí i lẹ́yìnkùlé, kí èéfín má baà ba aṣọ ọ́fíìsì jẹ́. Mo ka ara mi sí ọ̀mọ̀wé nígbà yẹn.

Iṣẹ́ kan wà tí a ṣe láwọn ọdún wọ̀nyẹn, máàpù ọ̀nà ẹja ni. Àwọn ẹja kan wà tí kì í gbé ojú kan: wọ́n á kúrò nítòsí òkun, wọ́n á gòkè odò lọ yé ẹyin, wọ́n á sì tún padà. Òbòkún wà lára wọn. Wọ́n ní kí á fi àwọ̀ búlúù fa ìlà sí gbogbo odò tí irú ẹja bẹ́ẹ̀ ṣì ń gbà lónìí, kí á fi àwọ̀ pupa fa ìlà sí èyí tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ kí ọ̀nà wọn tó dí. Odò tí a kò bá fa ìlà kankan sí, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹja kò débẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti inú ìwé lásán. Wọ́n fẹ́ tún ọ̀nà ọkọ̀ kan ṣe lẹ́yìn ìlú, máàpù wa ni wọ́n sì máa tẹ̀ lé. Ibi tí ìlà bá wà, afárá ni wọ́n máa ṣe síbẹ̀ kí omi lè ṣàn bó ṣe yẹ. Ibi tí kò bá sí ìlà, páìpù sìmẹ́ńtì ni wọ́n máa rì sí abẹ́ ọ̀nà, ó parí. Odò tí a bá gbàgbé, a ti dí i pa nìyẹn.

Láti mọ ibi tí ẹja ń gbà láyé ọjọ́un, a ní láti lọ bi àwọn àgbà léèrè ní abúlé. Bí àlejò bá dé abúlé àwọn Fang, ẹ̀yà tó wà lágbègbè náà, ilé kan wà lójú ọ̀nà tí àwọn ọkùnrin ti ń jókòó, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa gbà á. Àwọn obìnrin á gbé oúnjẹ wá, wọ́n á kí i, wọ́n á sì padà sí ilé ìdáná. A jókòó ti àwọn bàbá wọ̀nyí láti abúlé dé abúlé, wọ́n sì dá wa lóhùn dáadáa. Ní abúlé tó kẹ́yìn, mo nawọ́ sí odò kékeré kan tó gba abẹ́ ọ̀nà kọjá, mo bi wọ́n bóyá ẹja gba ibẹ̀ rí. Bàbá tó dàgbà jù nínú wọn ní rárá. Ó ní èyí tí àwọn obìnrin ń gbọ́n níbẹ̀ nígbà kan kì í ṣe ẹja, ọbẹ̀ ni. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé kò sí ẹja. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Mo mú àwàdà náà délé. Mo rò pé ìyàwó mi máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń yí ẹja padà lórí ààrò, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ọbẹ̀ wo ni wọ́n ń sè níbẹ̀ tí ò ní ẹja nínú?”

Mo ní àwàdà ni bàbá náà ń ṣe.

“Àwàdà ni lóòótọ́. Ẹ̀yin lẹ wá lọ kọ ọ́ sínú ìwé.”

Ó bi mí pé obìnrin mélòó ni mo bi léèrè ní gbogbo abúlé tí mo dé. Mo wá a títí nínú ọkàn mi, n kò rí ẹyọ kan. Ó ṣàlàyé fún mi pé àwọ̀n ni àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ń dà sí odò ńlá, àwọn obìnrin ló ni odò kékeré. Bí ẹ̀rùn bá dé, wọ́n á fi igi àti ẹrẹ̀ dí i, wọ́n á gbọ́n omi rẹ̀ dànù, wọ́n á sì ṣa ẹja. Mo sọ fún un pé ìwádìí ní ìlànà. Ó ní kò burú, ṣé ìlànà náà ló ní kí n má wọ ilé ìdáná ni? Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e sì ni a gbọ́dọ̀ fi máàpù náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwa méjèèjì lọ sí abúlé náà. A kí àwọn ọkùnrin, a kò yà lọ́dọ̀ wọn, a gba ẹ̀yìn lọ sí ilé ìdáná ìyá arúgbó kan tó máa ń ta ẹja fún ìyàwó mi. Ìyá náà ń bó pákí. Ó fún ìyàwó mi ní ọ̀bẹ, ó fún èmi ní àpótí kí n fi jókòó. Faransé ni wọ́n ń bá ara wọn sọ, ó sì ń pe ìyàwó mi ní ọmọ òun. Ó ní nígbà tí òun wọlé ọkọ, gbogbo obìnrin ilé ló ní ojú odò tirẹ̀, èyí tí ìyá ọkọ fi lé e lọ́wọ́. Bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, òbòkún tí ẹyin kún inú wọn á gòkè wá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n nígbà náà. Ó di ẹ̀rùn kí wọ́n tó gbọ́n omi. Ọjọ́ tí wọ́n rì páìpù àkọ́kọ́ sábẹ́ ọ̀nà ni gbogbo rẹ̀ parí. Ìsàlẹ̀ páìpù nìkan ni wọ́n ti ń rí ẹja báyìí. Ojú odò tirẹ̀ wà lókè, ọ̀pọ̀lọ́ ló kù níbẹ̀.

Ó mú wa débẹ̀. Ẹnu páìpù náà ga, omi ń já bọ́ láti ibi tó tó ìbàdí èèyàn. A gòkè nínú ẹrẹ̀, ó sì fi igi tí wọ́n kàn mọ́ ìsàlẹ̀ odò hàn wá ní ibi mẹ́ta, igi líle tó ti dúdú, tó ṣì tò lọ láti etí odò kan dé èkejì. Mo bi ara mi pé ta ni yóò kan igi dí odò tí kò lẹ́ja. Mo gbé ẹ̀rọ tí a fi ń mọ ojú ibi lórí máàpù jáde, mo gba àmì ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Ẹrẹ̀ ti dé orúnkún ṣòkòtò mi.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú àwọn ará ọ́fíìsì. Akẹgbẹ́ mi kan tó kàwé ju gbogbo wa lọ ní ìtàn ilé ìdáná kì í ṣe ẹ̀rí, ó ní igi yẹn lè jẹ́ ti ọgbà. Ọ̀gá wa, obìnrin Gabon kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bi mí pé ta ló tọ́ka odò náà fún mi. Ǹ bá ní àwọn ará abúlé ni, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Mo ní ìyàwó mi ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wa kò rẹ́rìn-ín, ó ní kí n pè é wá.

Ó wá lọ́jọ́ kejì. Ó ti fi ẹja orí iná síkàáwọ́ aládùúgbò wa. Akẹgbẹ́ mi fi ọ̀wọ̀ bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé òkè ni ẹja tí òun ń rà ń lọ.

Ó ní, “Mìsíọ̀, ara ẹja lẹ̀yin ń wò. Èmi, inú rẹ̀ ni mò ń là lójoojúmọ́. Bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, èyí tí wọ́n bá kó wá láti ìsàlẹ̀ páìpù yẹn, ẹyin á kún inú wọn, imú wọn á sì ti bó. Ẹja tí kò bá ní ibi tó ń lọ, kí ló ń fi imú gbá sìmẹ́ńtì sí?”

Ọ̀gá wa yíjú sí mi, ó ní kí n fa ìlà náà.

Mo fà á ní pupa títí dé ibi igi kẹta. Ibi tí a ti ń kọ orúkọ ìwé tàbí ti ẹni tó jẹ́rìí sí ìlà kọ̀ọ̀kan, mo kọ orúkọ ìyàwó mi àti ti ìyá arúgbó náà síbẹ̀ ní kíkún. Wọ́n ṣe afárá síbẹ̀ lóòótọ́. Ìyàwó mi rí i nígbà tí wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́. Àìsàn mú un lọ kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí.

Mo ti fẹ̀yìntì báyìí. Lọ́dún yìí, àwọn obìnrin abúlé náà ránṣẹ́ pé òbòkún ti dé ibi igi kejì, àwọn ará ọ́fíìsì lọ wò ó, wọ́n sì rí i. Ọ̀gá wa ní èmi ni kí n wá pààrọ̀ àwọ̀ rẹ̀. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní Glass, mo sọ pupa di búlúù títí dé igi kejì. Mo fi ìyókù sílẹ̀, ẹja kò tíì débẹ̀. Nígbà tí mo parí, mo yíjú sẹ́yìn láti ní kí ìyàwó mi wá wò ó.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n la fi ń ṣọgbọ́n. Odò tí mo yà láyé mi pọ̀, n kò lè ka gbogbo wọn mọ́. Èyí kan ni mo fi ń yangàn, kì í sì í ṣe èmi ni mo rí i.