Mi Ò Tíì Mọ Bí Ọwọ́ Mi Yóò Ṣe Rí

Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ilé-iṣẹ́ kan gbá takisí tí mo wọ̀ ní Kọ́bapẹ́, ọwọ́ ọ̀tún mi ló kán. Aláró ni mí. Ọwọ́ yẹn ni mo fi ń ti aṣọ bọ aró, òun náà ni mo fi ń fún un.

Mo ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù nígbà tí ọkùnrin kan wọlé láti ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó ń san owó tí ọkọ̀ akẹ́rù náà bá ṣe jàǹbá. Ó ra ọsàn wá.

"Ẹ kú ewu, Mà. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́."

"Àmín."

Ó ní awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù náà ló jẹ̀bi, pé owó gbà-máà-bínú ti wà nílẹ̀. Kí n ṣáà fi àtàǹpàkò òsì tẹ ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó jókòó tì mí ti di ọwọ́ òsì náà mú.

"Gbà á, jàre. Ta ló fẹ́ ṣẹjọ́?"

Mo fa ọwọ́ mi. Mo bi àlejò náà pé, "Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ lónìí, tí ọwọ́ yìí ò wá ṣiṣẹ́ mọ́ ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀, Mà. Tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn."

"Ẹ máa gbé ìwé yín lọ. Mi ò tíì mọ bí ọwọ́ mi yóò ṣe rí."

Inú bí ẹ̀gbọ́n mi débi pé kò kí mi kó tó lọ sílé.

Obìnrin lọ́yà kan ní Òkè-Ìlewó ló gba ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè kọ́ ni ibi tí agbára wọn mọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti dókítà ná."

Nígbà tó yá, dókítà sọ ọ́: egungun ti so, àmọ́ mi ò ní lè fún aṣọ tó mu omi mọ́ láéláé. Ìgbà yẹn ni lọ́yà tó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò náà. Ó ka ìtọ́jú sí i, ó ka iṣẹ́ tí mo pàdánù àti èyí tí mi ò ní lè ṣe mọ́. Wọ́n fi kún owó, ó kọ̀. Wọ́n tún fi kún un. Ó ní ká wọ́ wọn lọ ilé-ẹjọ́, a lè rí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ní, "Rárá. Ẹjọ́ lè pẹ́, ó sì lè yí. Eléyìí tó mi."

"Ṣé ó dá yín lójú, Mà?"

"Ó dá mi lójú."

Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ ní mọ́ṣáláṣí báyìí pé àwa méjèèjì la jọ kọ owó àkọ́kọ́. Mi ò já a nírọ́. Mo ti gba obìnrin kan síṣẹ́ tó ń bá mi fún aṣọ. Èmi ń fi ìyẹ́ ya ẹ̀kọ sára aṣọ, kí aró má bàa mú níbẹ̀. Ìlà mi ò tọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà mi ń rà á.