Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Rábì La Ti Kọ́ Ẹ̀kọ́ Kòkó

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí nítorí ibi tí a ó jókòó sí kọ́ṣẹ́. Ẹ lè máa rò ó pé, kí ló le nínú wíwá ibi ìjókòó? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira ni. Abúlé wa wà láàrin Arámọkọ àti Ìdó-Ilé, kòkó la sì gbójú lé. Àwọn ọkùnrin ló ń gbé e lọ sórí ìwọ̀n, ṣùgbọ́n àwa obìnrin la ń fọ́ ọ, àwa la ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kó lè kan, àwa náà la ń sá a. Lọ́dún yẹn, àwọn tó ń yẹ kòkó wò kọ tiwa, wọ́n ní inú rẹ̀ ti bu. Ta ni wọ́n bá wí nílé? Ṣé ó tún yẹ kí n sọ ọ́?

Ìjọba wá ní àwọn yóò rán ọ̀gá agíríkì kan sí wa, tí yóò fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ àwa obìnrin. Kí a ṣáà ti wá ibi tó dára sílẹ̀. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà ni àwọn obìnrin fi ṣe akọ̀wé, nítorí náà èmi ni wọ́n ní kí n lọ wá a.

Mo kọ́kọ́ lọ bá Bàbá Alága, olórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ọkọ mi wà, torí họ́ọ̀lù wọn ló tóbi jù. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Wọ́n ní kò burú, àmọ́ àwọn ọkùnrin ni yóò jókòó sórí àga, kí àwa dúró lẹ́yìn fèrèsé. Ohun tí àwọn ọkọ wa bá gbọ́, wọn óò tún un sọ fún wa nílé.

Mo ní, "Bàbá, iṣẹ́ tí àwa ń ṣe ni wọ́n fẹ́ wá kọ́ wa."

Wọ́n ní, "Ìyá Fẹ́mi, obìnrin ò jókòó nínú họ́ọ̀lù yẹn rí. Kò ní bẹ̀rẹ̀ lójú mi."

Mo dìde, mo lọ bá olórí ìjọ wa. Wọ́n yọ̀ǹda ilé ẹ̀kọ́ ìjọ tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí mo mú ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, Ìyá Rábì, ọ̀kan nínú wọn, ní ọkọ òun kò ní gbà kí òun wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn Mùsùlùmí yòókù sì ń mi orí. Ẹnì kan dá ilé kéú lábàá, ni àwọn ọmọ ìjọ tèmi bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kí n má parọ́, ó kù díẹ̀ kí n pa gbogbo rẹ̀ tì.

Ìyá Rábì náà ló tún gbà mí. Kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Ṣebí kòkó la fẹ́ kọ́? Ẹ̀yìn ulé mi ni mo ti ń sá a. Ẹ máa bọ̀ níbẹ̀."

Kò sí àga, kò sí pátákó ìkọ̀wé. Àmọ́ kòkó wà nílẹ̀, òjìji igi máńgòrò sì wà. Kò sẹ́ni tó ta kò ó.

Lọ́jọ́ kìíní, a jókòó sórí ẹní títí oòrùn fi gòkè, a ò rí ọ̀gá. Ọmọdé kan ló wá sọ fún wa pé Bàbá Alága ti lọ dúró dè é lójú títì, wọ́n ti mú un wọ họ́ọ̀lù. Àwọn kan ti fẹ́ máa lọ sílé. Mo ní kẹ́nikẹ́ni má kúrò níbẹ̀. Mo gba họ́ọ̀lù lọ.

Mo wọlé tààrà. Ọkùnrin kún orí àga, ọkọ mi wà ní ìlà kejì. Ọ̀gá náà, ọ̀dọ́kùnrin tó wọ ṣòkòtò kákí, dúró níwájú wọn, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Alága ní kí n jáde. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn dáadáa, ṣùgbọ́n n kò jáde.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n: ọjọ́ mélòó la fi ń bo kòkó sínú ewé ká tó sá a?"

Ó wò wọ́n. Ẹnì kan ní ọjọ́ méjì. Ẹlòmíràn ní mẹ́wàá. Bàbá Alága ní ó dọwọ́ oòrùn. Ọkọ mi ń wolẹ̀.

Ọ̀gá rọra ki ṣọ́ọ̀kì bọ àpò. Ó ní, "Ìyá, níbo ni àwọn tó mọ̀ ọ́n wà?"

Bó ṣe tẹ̀ lé mi nìyẹn. Ó jókòó sílẹ̀ láàrin wa, ó ń fi ọ̀bẹ la kòkó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi inú rẹ̀ hàn wá. Àṣé sísá tí a ń sá a sórí ilẹ̀ lásán, àti kíkó tí a ń kó o sápò kí inú rẹ̀ tó gbẹ, ló ń mú un bu. Lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó Bàbá Alága fúnra rẹ̀ wá jókòó ní iwájú. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan.

Ọkọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, pé mo dójú ti òun láàrin ẹgbẹ́. Mo ń gbé oúnjẹ fún un, ó ń jẹ ẹ́. N kò bẹ̀bẹ̀, torí n kò mọ ohun tí mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún.

Nígbà tí kòkó ọdún kejì dé, wọ́n gba tiwa láìwí nǹkan kan. Ni Bàbá Alága bá ránṣẹ́ pé họ́ọ̀lù ti ṣí sílẹ̀ fún àwa obìnrin, kódà, a lè jókòó sórí àga. A dúpẹ́, a sì ránṣẹ́ padà pé ibi tí a wà tẹ́ wa lọ́rùn, ọkùnrin tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ lè máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ wá. Mo sún fún un.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé, ibi tí ẹ bá pe ìpàdé sí ló ń sọ ẹni tó lè lanu níbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó wo àga àti òrùlé, ẹ wò ó bóyá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ gan-an lè wọlé. Bí wọn ò bá lè wọ ọ́, ẹ wá ibòmíràn, ì báà ṣe abẹ́ igi.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ní kẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn fèrèsé rí, lórí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ tiyín? Kí lẹ ṣe? Ẹ sọ ọ́ fún mi, mo fẹ́ gbọ́.