Ìrọ̀lẹ́ Tí Àǹtí Ọmọ́ṣaléwá Pe Àbúrò Rẹ̀ Lórí Rédíò

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ẹni méjì ni Àǹtí Ọmọ́ṣaléwá. Ọ̀kan ni obìnrin kúkurú tó ń gbé yàrá àti pálọ̀ tó kọjú sí tiwa ní Upper Sakponba ní Bìní, tó máa ń fọ aṣọ láàárọ̀ Sátidé, tí kì í sì í sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Èkejì ni ohùn tó máa ń jáde nínú rédíò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, ohùn tútù tó ń ṣàn jẹ́jẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá ń da omi láti inú ìkòkò kan sínú òmíràn. Ìgbà tí ohùn náà bá dé, àwọn obìnrin ilé wa á dẹwọ́ iṣẹ́. Ó máa ń dà bíi pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń dúró kó tó ṣú.

Ilé rédíò kékeré kan lẹ́yìn Airport Road ni Àǹtí ti ń ṣiṣẹ́. Àwa Yorùbá tó wà ní Bìní, àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì àti àwọn tó ń tajà ní New Benin, ní ààbọ̀ wákàtí tiwa níbẹ̀. Àǹtí á kí wa, á ka ìròyìn, lẹ́yìn náà á ka ìkéde. Ìkéde òkú ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ "ó kú" lẹ́nu rẹ̀. A kì í la irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹni tó wà lájò lórí. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Lágbájá, níbikíbi tí o bá wà, àwọn ará ilé ń retí rẹ. Má dúró mu omi." Ẹni tó bá ti gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ níwájú gbólóhùn yìí ti mọ̀ pé ẹnìkan ti lọ nílé. Ẹkún ni yóò máa fi di ẹrù.

Bí ètò náà bá ń parí lọ, ó máa ń kí àwọn tó wà lóko igi. "Ẹ̀yin tí ẹ ń la gẹdú nínú igbó, ẹ̀yin tí ẹ ń dáná lábẹ́ igi, a kí yín o. Ilẹ̀ ń ṣú. Ẹ tọ́jú ara yín." Ohùn rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ènìyàn ní ọmọlúàbí ni, pé ó ń rántí àwọn tálákà. Ìyá mi nìkan ló mọ̀ pé ẹnìkan ṣoṣo ni Àǹtí ń kí.

Adéníyì ni ẹni náà, àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀. Nígbà tí bàbá wọn kú ní Ọ̀wọ̀, inú igbó ni Adéníyì wà, kò sí ẹni tó mọ igbó wo. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i, wọ́n sì sin bàbá. Ìgbà tí ó wọlé, yẹ̀pẹ̀ sàréè ti gbẹ. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú, ó ní, "Ẹ sin bàbá mi, ẹ ò pè mí." Ó padà sínú igbó, kò sì wálé mọ́.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, awakọ̀ agbégilódò kan sọ fún Àǹtí pé òun rí i. Ó ní ọkùnrin náà máa ń gbé rédíò kọ́ sórí ẹ̀ka igi nírọ̀lẹ́ Sátidé, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ohùn obìnrin kan á fi dákẹ́. Àǹtí bẹ awakọ̀ náà kó mú òun lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n débẹ̀, àwọn onígẹdú ti ṣí lọ síbòmíràn. Láti ìgbà náà, ojú ọ̀run nìkan ni ọ̀nà tó kù láàárín òun àti àbúrò rẹ̀.

Òfin ibi iṣẹ́ wọn ni pé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ gbé ọ̀rọ̀ ilé ara rẹ̀ sórí rédíò. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dí Àǹtí lọ́wọ́ ju òfin lọ. Ó sọ ọ́ fún ìyá mi nígbà kan pé, "Tí mo bá pè é tí kò wá ńkọ́?"

Lọ́dún 1987, wọ́n ní AM, ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń gbé ohùn wọn dé ọ̀nà jíjìn, máa dákẹ́. Ẹ̀rọ náà ti gbó. Ó máa ń kú láàárín ìròyìn, ariwo rẹ̀ á sì gba inú ilé bí òjò tó ń rọ̀ sórí ewé rọ́bà. FM ló ń bọ̀. Ohùn FM mọ́ gaara, ṣùgbọ́n kò lè rìn jìnnà sí ìlú, kò dé inú igbó. Ètò Yorùbá pàápàá kò sí nínú èyí tí wọ́n tò fún un.

"Ẹ pè é," ni ìyá mi wí. "Kí ni wọ́n fẹ́ fi yín ṣe? Ètò tí wọ́n ti pa, wọ́n á tún lé yín kúrò lórí ẹ̀?"

"Ìyá Morọ́láyọ̀, kí ni kí n sọ?"

"Ẹ ní kó máa bọ̀. Ṣé èèyàn tún ń kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ni?"

Ní Sátidé tó kẹ́yìn, Àǹtí ka ìròyìn, ó ka ìkéde, ó kí àwọn tó wà nínú igbó. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ìdákẹ́ náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé ẹ̀rọ ti tún kú. Ohùn rẹ̀ wá jáde láti ọ̀nà jíjìn: "Adéníyì Títíloyè, ọmọ bàbá mi, níbikíbi tí o bá wà, àwọn ará ilé ń retí rẹ ní Upper Sakponba. Má dúró mu omi."

Síbí ọbẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi. "Yéè! Kí ló wí yẹn?"

Gbólóhùn ìkéde òkú tó ti mọ́ ọn lẹ́nu ló gbé e lọ. Kí Àǹtí tó délé, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti kún àgbàlá, wọ́n ń sunkún. Ó rí wọn, ó ká ọwọ́ lérí. "Mo gbé! Mo ti pa ẹni tí kò kú!"

Obìnrin kan nu ojú rẹ̀. "Ẹ ṣáà dárúkọ òkú náà, Àǹtí, ká mọ ẹni tá à ń sunkún fún."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Àǹtí kò rẹ́rìn-ín. Rédíò ti dákẹ́. Kò sí ibi tí yóò ti tún ọ̀rọ̀ náà sọ.

Kò pẹ́ sígbà náà, ọkọ̀ agbégilódò kan dúró síwájú ilé wa nídàájí. Ọkùnrin gíga kan sọ̀ kalẹ̀, ó ti fá orí, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ń já pákó ọ̀gànwó sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sunkún.

"Mo dé o! Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni màá kan pósí! Mi ò mọ bí ẹni náà ṣe ga tó, mo bá kó èyí tó gùn jù wá!"

Bàbá onílé, ará Bìní, sáré jáde tòun ti wráápà láyà. "Wetin be this? Carry your coffin commot for my house! Nobody die here!"

Àǹtí jáde láti balùwẹ̀, ọṣẹ ṣì wà létí rẹ̀.

"Àǹtí mi," ni Adéníyì wí, "ta ni?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ẹ pè mí."

"Mo pè ọ́. Rédíò wa ló fẹ́ dákẹ́. Mo rò pé tó bá dákẹ́, mi ò ní rí ọ mọ́ láéláé. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kọ́ ni mo sọ."

Ojú Adéníyì yí padà. "Òkú tó wà, ẹ ò pè mí sí i. Èyí tí kò sí lẹ wá pè mí wá sin." Ó yíjú sọ́nà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti lọ já igi, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó padà. Ìyá mi mú un wọlé.

Ọjọ́ náà gùn. Adéníyì jókòó ní pálọ̀ Àǹtí, ó kọjú sí ògiri. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti lanu, á bojú wo ilẹ̀. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ lọ, mo gbọ́ tó ń sọ fún ìyá mi jẹ́jẹ́ pé, "Mi ò mọ ojú yìí mọ́. Ó ti dàgbà lẹ́yìn mi. Ohùn ẹ̀ nìkan ni mo mọ̀."

Ìyá mi lọ sọ fún Àǹtí. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, tí gbogbo nǹkan tó wà ní pálọ̀ ti di àwọ̀ epo, Àǹtí dìde, ó wọ yàrá, ó fa kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà. Ohùn tútù náà wá jáde lẹ́yìn aṣọ.

"Ìwọ tí ò ń la gẹdú nínú igbó, mo kí ọ o. Ilẹ̀ ń ṣú."

Adéníyì gbé orí sókè.

Ohùn náà sọ bí òjò ṣe ń rọ̀ lọ́sẹ̀ tí bàbá wọn kú, bí àwọn ìránṣẹ́ ṣe ń ti oko igi kan dé òmíràn tí wọ́n ń padà lọ́wọ́ òfo, bí òun ṣe pe orúkọ Adéníyì sínú sàréè kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀ bò ó. Kò kánjú. Ó ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì, bó ṣe máa ń ṣe lórí afẹ́fẹ́.

Nínú ọ̀kan lára àwọn ìsinmi náà, Adéníyì sọ̀rọ̀. "Ẹ pe orúkọ mi?"

"Mo pè é."

"Mi ò gbọ́."

"Mo mọ̀."

Ọkọ̀ agbégilódò dé, ó ń fọn fèrè níta, ó sì tún fọn ọ́n. Adéníyì kò dìde. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ kọ́tìnì, ó ní, "Ẹ máa bá a lọ, mò ń gbọ́."